Omi Ọbẹ̀ fún Ẹran Ilé tí Èéfín Mú



A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìṣirò owó ni ẹ máa ń retí lẹ́nu àwa alábẹ̀wò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ajá, ológbò àti adìẹ ni a gbé wá. Kí ẹnikẹ́ni má fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló fi owó tí ẹ yá lẹ́gbẹ́ kọ́lé. Ajá ló ń bá yín ṣọ́ ilé náà lóru.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 16 oṣù Kínní, ọdún 2024, ìró kan mi Ìbàdàn tìtì. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gba àṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà ló bú. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, eruku àti èéfín bo àdúgbò. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ènìyàn ni a kọ́kọ́ ń dù, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá ti balẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú.

Kò sì dìgbà tí nǹkan bá bú. Láti Agbówó dé Ring Road, láti Dùgbẹ̀ dé Challenge, bí iná mànàmáná bá ti lọ, jẹnẹrétọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ̀yìnkùlé tí a gbé e sí, ibẹ̀ náà ni a so ajá mọ́. Àwa ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ajá ń fa èéfín símú.

Ọ̀nà méjì ni èéfín fi ń pa ẹran lára. Èkíní, afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide, tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn, a máa gba ipò atẹ́gùn rere nínú ẹ̀jẹ̀. Èkejì, ooru àti èérí dúdú inú èéfín a máa bó ọ̀nà ọ̀fun, a sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹran lè dà bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan kan lọ́jọ́ kìíní, kí mímí rẹ̀ tó yí padà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ síbi tí atẹ́gùn wà. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, bí ológbò bá ń la ẹnu mí, bí èrìgì bá pọ́n yòò tàbí tó ń dúdú, tàbí tí ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tó kọjú sí Agbówó. Ọbẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ dókítà.

Ẹ má sì fi epo pupa rọ ọ́. Àwọn bàbá wa ní epo ni ẹ̀rọ̀, a kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹran tó ń tiraka láti mí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo tàbí mílíìkì tí a bá rọ ọ́ lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹran tí èéfín kò pa, epo lè pa á.

Bí mímí bá ti lọ geerege, tí dókítà sì ní kó máa jẹun, ìgbà náà ni ọbẹ̀ wúlò. Ọ̀fun ń dùn ún, imú rẹ̀ kò gbóòórùn oúnjẹ, ara sì ń fẹ́ omi. Ẹ mú àyà adìẹ kan, ẹ bó awọ rẹ̀, ẹ yọ eegun, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Ẹ fi ìdajì agolo mílíìkì ìrẹsì àti kárọ́ọ̀tì kan tàbí ègé elégédé kan sí i. Ẹ bu omi bò ó dáadáa, kí ẹ sè é lórí iná díẹ̀ títí yóò fi rọ̀. Ẹ rún un, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́rọ́, kí ẹ gbé e síwájú rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ti ológbò, kí ẹran tàbí ẹja pọ̀ ju ìrẹsì lọ. Ológbò tó bá kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bàjẹ́.

Kí àlùbọ́sà, áyù, ata, iyọ̀ àti Magí má dé inú ìkòkò náà. Àlùbọ́sà àti áyù a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá àti ológbò jẹ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà tí èéfín ti fìyà jẹ. Àjẹṣẹ́kù owó dára púpọ̀. Àjẹkù ọbẹ̀ ata kò dára fún ajá aláìsàn.

Ní ti adìẹ, omi mímọ́ àti atẹ́gùn ni tirẹ̀. Èéfín tètè ń mú ẹyẹ ju gbogbo wọn lọ. Títí di ọdún 1986 ni àwọn awakùsà èédú ní Ìlú Ọba ń gbé ẹyẹ canary wọ inú ihò. Bí ẹyẹ bá ti ṣubú, wọ́n á sá jáde. Ìkìlọ̀ ni fún àwa náà: èéfín tó ń dá ajá lágara ní ẹ̀yìnkùlé lè gba ojú fèrèsé wọlé bá ọmọ lórí ẹní.

Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé gbogboogbò, bóyá owó pàjáwìrì lè kan ìtọ́jú ẹran ilé. Bí ẹ bá fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí akápò má fi ojú àánú nìkan san án. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Èyí tí kò gba owó rárá ni a fi parí ọ̀rọ̀: bí ẹ bá délé lónìí, ẹ tú ajá kúrò nídìí jẹnẹrétọ̀.