Ẹ̀rí Àbàtà: Yíya Àwòrán Àwọn Ẹyẹ Omi, àti Gbígbé Kámẹ́rà Wọ Ọkọ̀ Òfurufú

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ wá sọ̀rọ̀ lórí yíya àwòrán àwọn ẹyẹ àbàtà, àwọn kan béèrè pé kí ni ẹyẹ ń wá nínú ẹgbẹ́ tí ń wá ọ̀nà ọ̀dà, omi ẹ̀rọ àti ilé ìwòsàn. Ìbéèrè náà bọ́gbọ́n mu. Èsì wa nìyí: ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ tún ìlú ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìlú ní. Àwòrán jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí kò bá ní ẹ̀rí, bí ó bá sọnù lónìí, àwọn tí a óò bi lọ́la yóò ní kò fìgbà kan wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹyẹ kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀, èyíinì ni lékeléke, tí olúkúlùkù wa ti bẹ̀ nígbà èwe pé kí ó fi funfun rẹ̀ kùn wá léékánná. Ní ọ̀sán, ó ń tẹ̀ lé màlúù kiri pápá, ó ń ṣa tata àti kòkòrò tí ẹsẹ̀ màlúù ń ta jí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ń padà sí orí igi tí ó wà létí omi láti sùn. Ilẹ̀ Áfíríkà, ìhà gúúsù Yúróòpù àti apá kan ilẹ̀ Éṣíà ni ilé rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nígbà kan rí, kò sí ẹyọ kan ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n láàárín 1877 sí 1882, a rí i ní Suriname, ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà ti Gúúsù. Àwọn onímọ̀ gbà pé fífò ni ó fò ré òkun Àtìláńtíìkì kọjá, tí atẹ́gùn sì ràn án lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò dè é mọ́ ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì tà á. Òkun kan náà ni a fi tipátipá gbé àwọn ènìyàn wa kọjá lọ sí Brazil àti Kúbà. Lónìí, àtọmọdọ́mọ wọn ń rí lékeléke ní pápá ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń rí i níhìn-ín.

Báwo ni ayé ṣe mọ̀ pé ó ti dé Amẹ́ríkà ti Àríwá? Kámẹ́rà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí a mọ̀. Ní 1952, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Borden ń ya fíìmù àwọn ẹyẹ nítòsí adágún Okeechobee, ní Florida. Ó rí àwọn ẹyẹ funfun láàárín agbo màlúù, ó sì rò pé irú ẹyẹ omi funfun kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ ibẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí a tún fíìmù náà wò lẹ́yìn náà, lékeléke ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, 1953, a rí ìtẹ́ rẹ̀ ní Florida. Ojú ti wo ẹyẹ náà kọjá, ṣùgbọ́n àwòrán pa á mọ́ títí òye fi dé.

Ẹ̀yin ará wa tí ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè lọ wo ẹ̀rí mìíràn ní Slimbridge, létí odò Severn, níbi tí Peter Scott dá ibi ìpamọ́ àwọn ẹyẹ omi sílẹ̀ ní 1946. Ẹyẹ ńlá funfun kan wà, ọlọ́rùn gígùn, tí ó bá pẹ́pẹ́yẹ tan, tí wọ́n ń pè ní Bewick's swan, tí ó máa ń ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá síbẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ní 1964, Peter Scott ṣàkíyèsí pé bí àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ ìyeyè ti rí lẹ́nu ọ̀kan kò bá ti èkejì mu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú wọn sínú ìwé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fún wọn lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ń kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà. Nípa bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ èyí tí ó padà wá, èyí tí ó mú ọmọ wá, àti èyí tí a kò rí mọ́.

Àwa ńkọ́? Àbàtà tiwa tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ìlú ńkọ́? Àwọn àgbà tí ó jókòó níhìn-ín mọ ìgbà tí àwọn ẹyẹ máa ń bo igi ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí igi náà yóò funfun bí ẹni sá aṣọ àlà sórí rẹ̀. Lónìí, à ń da yẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí sí i, a sì ń gé e ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. A kò wí pé kí ọmọ ìlú má kọ́lé. Ṣùgbọ́n àbàtà yìí ni ó ń gba omi òjò dúró; bí a bá dí i pa, omi kò ní í ṣàì wá ibòmíràn gbà, yàrá wa ni yóò sì gbà. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ bá jókòó láti pinnu, ẹni tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ yóò mú ìwé ilẹ̀ wá. Kí ni ẹni tí ń gba ẹjọ́ àbàtà rò yóò mú wá? A ti tú àpótí Ẹgbẹ́ àti ti ilé-ìwé wò. A rí àwòrán ìwúyè, ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Ti àbàtà, a kò rí ẹyọ kan.

Nítorí èyí ni a ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹni tí ó ní kámẹ́rà gbé e jáde, kí ẹni tí ó ní fóònù lásán má sì rò pé òun kò já mọ́ nǹkan. Àwòrán igi kan tí ẹyẹ kún, tí a dúró lókèèrè yà, tí a kọ ọjọ́ àti ibi tí a ti yà á sí lẹ́yìn, jẹ́ ẹ̀rí tí ó tó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke máa ń pọ̀ ní ìhà tiwa, ìgbà náà gan-an ni àwọn ará wa òkè òkun sì máa ń wálé ọdún. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ bí a ti ń ṣe é.

Èkíní, ẹyẹ ni ó ṣáájú, àwòrán ni ó tẹ̀ lé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún mọ́ ìtẹ́ nítorí àwòrán. Bí ìyá bá fò kúrò lórí ẹyin, oòrùn lè pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àṣá sì lè gbé ọmọ lọ kí ìyá tó padà. Bí ẹyẹ bá ga ọrùn tí ó sì dákẹ́ jíjẹun, ó ti rí wa, a ti sún mọ́ ọn jù. Kí a rọra padà sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá ní lẹ́ǹsì gígùn, bí irú èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 400, lè dúró lókèèrè kí ó sì rí ojú ẹyẹ kedere.

Èkejì, ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Kí a dé etí omi kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí oòrùn wà lẹ́yìn wa, kí a sì jókòó sílẹ̀ láìrìn kiri. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Richard àti Cherry Kearton, tí wọ́n ti ń ya àwòrán ìtẹ́ ẹyẹ láti 1892, ṣe ohun tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí 1900, wọ́n lo awọ màlúù tí a fi ṣe ère màlúù tí inú rẹ̀ ṣófo. Ọ̀kan nínú wọn yóò kó sínú rẹ̀ tòun ti kámẹ́rà, ẹyẹ yóò sì rò pé màlúù ni ó dúró. Àwa kò ní kí ẹnikẹ́ni di màlúù nínú Ẹgbẹ́ yìí. Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, àti ahéré kékeré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe, ti tó.

Ẹ̀kẹta, ẹyẹ funfun lórí omi dúdú máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Kámẹ́rà yóò rò pé ibi gbogbo ṣókùnkùn, yóò fi ìmọ́lẹ̀ kún un, ẹyẹ yóò sì di ẹ̀fun lásán tí a kò rí ìlà ìyẹ́ kankan lára rẹ̀. Kí a dín ìmọ́lẹ̀ náà kù díẹ̀. Bí ẹyẹ bá ń rìn, kí kámẹ́rà ṣí kí ó sì padé láàárín ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá; bí ó bá ń fò, ìdá kan nínú 2,000 ni ó dára jù. Àwọn tí ó wà ní Èkó lè lọ fi ojú àti ọwọ́ kọ́ ọ ní ibi ìpamọ́ tí ó wà ní Lẹ́kkí, tí a dá sílẹ̀ ní 1990 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78.

Ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀yin tí ẹ óò gbé kámẹ́rà la òfurufú wá. Lékeléke fò wọ Amẹ́ríkà láìgbé ẹrù. Àwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹrù wa sì ní iná nínú.

Bátìrì kámẹ́rà ti òde òní, èyí tí a ń pè ní lithium, lè gbiná bí irin bá kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì tàbí bí ó bá fọ́. Ìdí nìyí tí òfin ọkọ̀ òfurufú fi sọ pé bátìrì àfipamọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù tí a ń fi ránṣẹ́ sí ikùn ọkọ̀. Ọwọ́ ni kí a fi gbé e wọ yàrá èrò. Bí èéfín bá yọ níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ yóò rí i, wọn yóò sì pa á. Ní ikùn ọkọ̀, ta ni yóò rí i? Òfin kan náà ni ó de bátìrì tí a fi ń gba agbára sínú fóònù. Kí a fi téèpù bo ẹnu bátìrì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sì gba àpò lọ́wọ́ wa lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ pé kò sí àyè mọ́ nínú yàrá, kí a kọ́kọ́ yọ gbogbo bátìrì àfipamọ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ìwọ̀n agbára bátìrì tún wà. Bí kò bá ju 100 watt-hour lọ, a lè gbé e láìtọrọ àṣẹ. Láti orí 100 dé 160, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àfipamọ́ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Bí ó bá ju 160 lọ, èrò kò lè gbé e rárá. Ìṣirò rẹ̀ kò le: kí a sọ volt di ìlọ́po ampere-hour. Bátìrì tí a kọ volt 7.2 àti ampere-hour 2 sí lára jẹ́ 14.4. Púpọ̀ nínú bátìrì kámẹ́rà kékeré kò ju báyìí lọ lọ́nà púpọ̀, nítorí náà kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni. Kí a ṣáà mọ òfin.

Kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì, ẹ gbé wọn dání. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé kámẹ́rà lé ni kí ó bá aṣọ lọ sí ikùn ọkọ̀. Kí ẹ wọn àpò náà kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan kì í gbà ju kìlógírámù 7 lọ. Kí ìwé tí a fi rà wọ́n wà lọ́wọ́ fún àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tí ó bá ń lo fíìmù, kí ó fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ẹ̀rọ ayẹrùwò tuntun lè ba fíìmù tí a kò tíì fọ̀ jẹ́. Ní ti kámẹ́rà tí ń fò, kí ẹnikẹ́ni má gbé e wọ Nàìjíríà láìgba àṣẹ ìjọba. Ó sì tún máa ń lé ẹyẹ kúrò lórí ìtẹ́.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ má ṣe tú àpò lójú ẹsẹ̀. Kámẹ́rà tí ó ti inú òtútù wá yóò làágùn bí ooru bá kàn án. Kí ó wà nínú àpò títí yóò fi gbóná díẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ má ṣe pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta, nítorí eruku. Ohun tí ẹ bá sì yà, ẹ dà á kọ sí ibi méjì kí ẹ tó padà lọ, kí ọ̀kan wà nínú ìlú.

Alága, ohun tí a ń tọrọ kò pọ̀. Kí Ẹgbẹ́ ra ìwé àwòrán ńlá kan, kí a fi í sí yàrá ìkàwé ilé-ìwé wa. Kí a ri òpó kan mọ́lẹ̀ létí àbàtà, kí a sì máa dúró ní ìdí òpó náà ya àwòrán kan náà ní oṣù Kejìlá lọ́dọọdún, kí a kọ ọjọ́ àti iye ẹyẹ tí a kà sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò ka ẹyẹ. Ẹ̀yin àgbà yóò sọ orúkọ tí àwọn baba wa ń pè wọ́n, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin ará òkè òkun yóò mú lẹ́ǹsì gígùn wá. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, bí ẹnikẹ́ni bá dìde pé ilẹ̀ òfìfo lásán ni ibẹ̀, a ó ṣí ìwé náà níwájú rẹ̀.