Ìfìyàjẹ Ọkàn Àwọn Àgbà, Nílé àti Lókè Òkun



Ìfìyàjẹ ọkàn àgbà ni ọ̀rọ̀, ìṣe tàbí ìpatì tí ó ń bu àgbàlagbà kù, tí ó ń dẹ́rù bà á, tàbí tí ó ń yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín ẹbí àti ọ̀rẹ́, láti ọwọ́ ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé, láàárín ọdún kan, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́fà àwọn tí ó ti pé ẹni 60 ọdún ni ó ń rí ìfìyàjẹ kan tàbí òmíràn, ti ọkàn ni ó sì wọ́pọ̀ jù lọ.

Kì í tètè hàn, nítorí pé kì í dá àpá sí ara, òbí kì í sì í fẹ́ tú àṣírí ọmọ rẹ̀; bí ẹnikẹ́ni bá bi í, "A dúpẹ́" ni yóò wí. Nítorí náà, ìyípadà ìṣe ni ó yẹ kí ẹbí máa ṣọ́: ìyá tí kì í pa ọjà Àpòmù jẹ, tí ó ṣíwọ́ lílọ láìsí àìsàn, bàbá tí ó kọ́kọ́ ń wo ojú olùtọ́jú rẹ̀ kí ó tó fèsì, tàbí olùtọ́jú tí kì í jẹ́ kí àgbà dá sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Èyí tí ó burú jù ni pípe arúgbó ní àjẹ́. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn gúúsù Nàìjíríà lè sọ ẹni tí ó bá ṣe é sẹ́wọ̀n ọdún 2, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 láti dènà ìwà ipá sì ka ìfìyàjẹ ọkàn fúnra rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ní Gánà, irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ lu Akua Denteh, ìyá ẹni 90 ọdún, pa ní gbangba ní Kafaba ní oṣù Keje ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé nìkan. Ìyá tí wọ́n mú wá sí Lọ́ńdọ̀nù láti tọ́ ọmọ-ọmọ, tí wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọn kì í jẹ́ kí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, tí wọ́n sì ń fi dídá a padà sílé halẹ̀ mọ́ ọn, ìyà ọkàn ni ó ń jẹ, bí ó tilẹ̀ ń jẹun yó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní Care Act ọdún 2014 mú un ní dandan fún ìjọba ìbílẹ̀ láti wádìí bí wọ́n bá fura pé ẹni tí ó nílò ìtọ́jú, tí kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀, wà nínú irú ewu yìí.

Owó tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ kò lè dípò ọ̀rọ̀ tútù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ẹlòmíràn nítòsí, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ Orílẹ̀-Òwu, Ìkirè àti Àpòmù sì yan ẹni tí àgbà lè fọ̀rọ̀ lọ̀ láìbẹ̀rù. Ẹni tí kò bá lè bọ̀wọ̀ fún òbí rẹ̀ nínú yàrá, kò yẹ kí ẹgbẹ́ fi í joyè ní gbangba.