Òrùlé Kò Mọ Ọ̀nà Àbùjá

Ọ̀rọ̀ wa lónìí kan ẹni tí ń kọ́lé, ó sì kan gbẹ́nàgbẹ́nà tí ń bá a ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Nígbà tí a fẹ́ kan òrùlé yàrá mẹ́rin fún àwọn ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ wa, owó kò tó. A ní kí gbẹ́nàgbẹ́nà wa fi igi 2×3 dípò 2×4, kí ó jẹ́ kí àárín àwọn igi náà fẹ̀ sí i, kí ó sì yọ irin pẹlẹbẹ tí a fi ń de òrùlé mọ́ ògiri kúrò nínú ìṣirò. Nígbà tí ó kọ̀, a rò pé èrè ni ó ń wá.

Arákùnrin náà kò bá wa jiyàn. Ó béèrè pé, "Fadá, ta ni yóò sùn sínú àwọn yàrá wọ̀nyí?" A ní, "Àwọn ọmọ ni." Ó wá ṣàlàyé pé bí ìjì bá ń kọjá lórí páànù, ṣe ni ó ń fà á sókè, èyí tí ó bá sì gba abẹ́ wọlé a máa tì í láti inú. Ìṣó nìkan kò lè dá a dúró, pàápàá nínú igi tútù, nítorí bí igi bá ti ń gbẹ ni ó ń súnkì, tí ìṣó sì ń tú. Irin tí a fẹ́ yọ yẹn gan-an ni ó ń di òrùlé mú.

Ó ní, "Owó yín tó yàrá méjì. Ẹ jẹ́ kí a kan méjì dáradára, kí méjì yòókù di ọdún tí ń bọ̀. Bí ẹ bá ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, ẹ má bínú sà, n kò ní lè fi ọwọ́ mi kàn án." Ojú tì wá, a sì gbà. Nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé, a gbọ́ ariwo páànù tí ń fò ní àdúgbò. Àwọn ọmọ náà kò jí.

Gbogbo wa rántí ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí apá kan Mọ́sálásí Àgbà Zaria, tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1830, wó lu àwọn tí ń kírun lọ́wọ́, tí ó kéré tán, ènìyàn 7 sì kú. Ilé àtijọ́ ni. A kò fi í wé ilé tí a fi àbùjá kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò wá yẹ igi tàbí ògiri wò. Àdúrà ni wọ́n wá gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ayálégbé, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọwọ́: wọn kì í sí níbẹ̀ nígbà tí a ń ná owó òrùlé.

Nítorí náà, ẹ̀yin gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹ má fi oníbàárà yín ṣẹ̀sín. Ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ fi iṣẹ́ kékeré tí ó dára lọ̀ ọ́. Bí ó bá kọ̀, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ kọ́lé sílé, ẹ bẹ ẹnì kan kí ó wo igi náà kí páànù tó bò ó. Nínú Diutarónómì 22:8, Òfin béèrè odi lórí òrùlé ilé titun, nítorí ẹni tí ó lè ṣubú láti ibẹ̀.

Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ẹ jẹ́ kí a máa fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò. Kí Olúwa ṣọ́ ilé yín. Àmín.