Nyerere, olùkọ́ tó di olórí orílẹ̀-èdè

Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún yín. Julius Nyerere ni orúkọ rẹ̀. Ará Tansaníà ni, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà.

Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní abúlé Butiama. Olóyè ni bàbá rẹ̀ láàárín àwọn ará Zanaki. Nyerere ti tó ọmọ ọdún 12 kó tó wọ ilé ìwé. Ṣé ẹ gbọ́? Ọdún 12! Ẹni tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè mọ̀wé. Ó kàwé dé Makerere ní Ùgáńdà, ó sì kàwé dé Edinburgh ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó. Nígbà tó padà sílé, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Mwalimu. Olùkọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahílì.

Nígbà náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn. Tanganyika ni wọ́n ń pè é. Ní 1954, Nyerere àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ TANU sílẹ̀. Wọ́n ní kó mú ọ̀kan: iṣẹ́ olùkọ́ tàbí òṣèlú. Ó fi owó oṣù sílẹ̀. Ó ń lọ láti ìlú dé abúlé, ó ń bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò jagun rárá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1961, wọ́n gba òmìnira. Ní 1964, Tanganyika àti Zanzibar para pọ̀ di Tansaníà.

Nyerere mọ̀ pé òmìnira ò tíì pé bí àwọn èèyàn ò bá mọ̀wé. Ó ní kí 1970 jẹ́ ọdún ẹ̀kọ́ àwọn àgbà. Èdè Swahílì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, bí àwa náà ṣe ń fi Yorùbá kọ́ ìwé wa. Àgbẹ̀ tó mọ̀wé á lè ka òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́ ẹ jẹ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Láti 1967, Nyerere ní kí àwọn èèyàn máa gbé pọ̀, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ pọ̀ bí ọmọ ìyá. Ujamaa ni wọ́n pè é. Ọ̀rọ̀ náà dára létí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àmọ́ nígbà tó di 1973, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ipá kó àwọn èèyàn kúrò nílé bàbá wọn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi oko tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀. Òjò tún dá, oúnjẹ wọ́n. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ni ìjọba sì gbà láàyè. Wọ́n ti àwọn kan tó tako ìjọba mọ́lé.

Ní 1985, Nyerere fúnra rẹ̀ gbé ipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé e. Ó padà sí Butiama, ó ń dáko. Ó kú ní 1999, abúlé rẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ̀yin ará, olórí rere náà lè ṣe àṣìṣe. Bí a bá mọ̀wé, a ó lè ka òfin, a ó lè béèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe é lé wa lórí.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́:
1. Kí ló dára nínú iṣẹ́ Nyerere?
2. Kí ló yẹ kí ìjọba ṣe kó tó sọ pé kí abúlé kan ṣí kúrò?