Ẹ Wo Ewé Kí Ẹ Tó Gé Igi

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ra ilẹ̀ sọ́nà Ayétòrò, tí ẹ ń múra àtigbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Gbogbo wa la mọ ewé ẹ̀gẹ́ tó ká kò, tó yẹ́lò lójú kan, tó tutù lójú kan. Àwọn kan á ní ilẹ̀ ti ṣá. Rárá o! Fáírọ́ọ̀sì ni. Eṣinṣin funfun tíntìntín ló ń gbé e kiri, àwa náà sì ń bá a gbé e bí a bá gé igi tó lárùn gbìn. Igi náà kì í sábà kú, àmọ́ bí ẹ bá hú u, ẹ lè bá a tín-ín-rín bí ìka ọwọ́. Ṣé gàrí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe ni, àbí láfún?

Láti àwọn ọdún 1930 ni Storey àti Nichols ti ń wá ojútùú sí i ní Amani, ní Tanganyika. Wọ́n mú òdòdó ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ ti igi rọ́bà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, tí àrùn náà kì í rí gbé ṣe bọ̀rọ̀. Wọ́n tún ń dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀gẹ́ títí ó fi ta iṣu tó ṣeé jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, 58308, dé Ìbàdàn. Òun ni Ọ̀mọ̀wé Hahn, ará Kòríà, fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA ní 1971, tí TMS 30572 fi jáde. Ará Ìkirè fi í jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀ ní 1983. Ó tọ́ sí i jàre.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ rí ìdènà mìíràn, tí wọ́n pè ní CMD2, lára ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà fúnra wọn. Àwọn ìyá wa ti ń gbin oògùn náà, wọn ò kàn mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Àmọ́ àrùn mìíràn ń bọ̀. Wọ́n kọ nípa rẹ̀ ní Tanganyika ní 1936. Ó gbilẹ̀ ní Ùgáńdà láti 2004. Ó ti dé Kóńgò. Inú iṣu ló ń jẹrà, ewé lè má fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tó borí ti àkọ́kọ́ ni èyí ń mú. Àwa tí a wà létí bodè, tí igi ẹ̀gẹ́ ń gba Ìdí-Ìrókò àti Ìlara kọjá lórí ọ̀kadà, ẹ jẹ́ ká béèrè oko tí wọ́n ti gé e. Ẹ lọ bá àwọn OGADEP tàbí IITA fún igi tó mọ́. Bí ẹ bá sì rí ewé tó ká kò lóko yín, ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún, kó tó pé oṣù méjì.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ìdí tábìlì ọ̀fadà ni kó ti wá mi.