Kì í Ṣe Àìmọ̀wé Ló Ń Pa Wá: Ọ̀rọ̀ lórí Kẹ́míkà Olóró àti Ohun Èlò Ẹlẹgẹ́

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Pira, ní ẹkùn Bantè, níwájú Kábíyèsí, àwọn ọmọ ìlú, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Wákàtí kan ni ẹ fún mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé wákàtí kan kì í tó mi, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

1. Ìtumọ̀ ráńpẹ́

Mi ò ní pẹ́ níbí, torí ẹ ti mọ̀ ọ́n. Kẹ́míkà olóró ni ohunkóhun tó lè jóni lára, tó lè gbiná, tó lè bú gbàmù, tàbí tó lè pani lára bí a bá fà á símú, bí a bá gbé e mì, tàbí bí ó bá gba awọ ara wọlé. Oògùn apakòkòrò òwú wà níbẹ̀, omi bátìrì wà níbẹ̀, Javel tí a fi ń fọ aṣọ funfun wà níbẹ̀, kpayo (epo bẹntiróòlù fàyàwọ́) wà níbẹ̀, epo inú èèpo kóró kajú náà wà níbẹ̀. Ohun èlò ẹlẹgẹ́ ni èyí tó jẹ́ pé bó bá fọ́, ohun inú rẹ̀ di ti gbogbo ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi pa méjèèjì pọ̀. Láti 2003 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti gbé ètò àmì jáde fún ara ìgò àti páálí: àmì mẹ́sàn-án, onígun mẹ́rin tí etí rẹ̀ pupa, agbárí òkú fún májèlé, iná fún ohun tó ń gbiná, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yà á sára ògiri. Ó tó bẹ́ẹ̀.

2. Àríyànjiyàn àtijọ́ kan

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń fa ọ̀rọ̀ ìdí tí kẹ́míkà fi ń pa àgbẹ̀ mọ́ra wa lọ́wọ́. Wọ́n ní àìmọ̀wé ló ń pa àgbẹ̀: kò lè ka ohun tó wà lára ìgò, kì í wọ ìbọ̀wọ́, kì í bo imú. Wọ́n ní ká kọ́ ọ, ká fún un ní ìbọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn tó ń ta oògùn fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí pé bí ẹnìkan bá kú, òkú ló jẹ̀bi. Mo fẹ́ dá wọn lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú yín, nítorí ní yunifásítì, wọn kì í jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

Bó bá jẹ́ àìmọ̀wé ni ọ̀tá, a jẹ́ pé kẹ́míkà kò gbọdọ̀ pa ọ̀mọ̀wé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 1996, Karen Wetterhahn, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì ní Dartmouth College ní Amẹ́ríkà, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dimethylmercury, kẹ́míkà olóró kan tó ní méékúrì nínú. Bí àwọn irin olóró ṣe ń ba ara jẹ́ gan-an ni ìmọ̀ tó fi gba orúkọ. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó sì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín síta. Ẹ̀kán díẹ̀ ta sí ẹ̀yìn ìbọ̀wọ́ náà. Nǹkan bí oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ọdún 1997 ni ó kú, ẹni ọdún 48. Nígbà tí wọ́n dán irú ìbọ̀wọ́ bẹ́ẹ̀ wò, kẹ́míkà náà là á kọjá kí ìṣẹ́jú àáyá 15 tó pé. Ta ni yóò sọ pé obìnrin yìí kò kàwé? Ìbọ̀wọ́ tó wà nínú ètò nígbà náà kò tó, ìyẹn ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n yí ètò padà.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé, ká lọ sí òkè níbẹ̀, sí Borgou, ní àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀yin olóko òwú tí ẹ ti dàgbà lẹ mọ ìgbà tí mò ń sọ. Ní apá ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, oògùn àtijọ́ ti mọ́ kòkòrò tó ń jẹ èso òwú lára. Wọ́n a fọ́n ọn, kòkòrò a máa jẹun lọ. Bí oògùn endosulfan ṣe dé ọwọ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Ó ní oró ju èyí tí wọ́n mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú oògùn àtijọ́ ni wọ́n fi wò ó. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ kà ní Borgou ni òkú tí kò dín ní 37, àti ènìyàn 36 mìíràn tí májèlé náà dá dùbúlẹ̀. Àwọn ará OBEPAB, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìgbélárugẹ iṣẹ́ àgbẹ̀ aláìlóògùn ní Bẹ̀nẹ̀, gba inú abúlé lọ wádìí bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ohun tí wọ́n kó bọ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kà dáadáa.

Nínú oṣù kẹjọ 1999, ní apá Banikoara, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta lọ roko fún bàbá wọn. Oko òwú ni, àgbàdo sì wà láàárín rẹ̀. Bàbá ti fọ́n endosulfan sí òwú ní ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn ọmọ kò mọ̀. Wọ́n roko tán, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ya àgbàdo, wọ́n jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí èébì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé wọn dé ilé ìwòsàn ní Banikoara, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún 12, kò bọ̀.

Ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ẹ fún bàbá ní ìbọ̀wọ́ tó dára jù lọ láyé: ọmọ yóò ṣì jẹ àgbàdo. Ẹ fi bàbá sí ilé-ìwé títí yóò fi lè ka gbogbo ohun tó wà lára ìgò: inú ilé ni ìgò wà, oko ni ọmọ wà. Ẹ kọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní ìwé: kí ni yóò kà lójú oko tí kò sí àmì kankan? Aṣọ pupa kan lórí ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà oko, pẹ̀lú àdéhùn ìlú pé ibi tí aṣọ pupa bá wà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí ọjọ́ tí ìwé oògùn dá yóò fi pé, ìyẹn ni ì bá gbà á là. Ètò nìyẹn. Ẹni tó mọ ìwé àti ẹni tí kò mọ̀, ohun kan náà ni yóò bò wọ́n.

Mo mọ ìdáhùn wọn: wọ́n á ní oko kan ṣoṣo nìyẹn. Kì í ṣe oko kan. Láti inú ìwádìí náà, a rí ẹni tí oògùn bá lójú oko, ẹni tó fi oògùn òwú sí ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, ẹni tó bu omi mu nínú bídọ̀n tí oògùn ti wà rí, ẹni tó gbé oògùn sí yàrá tí ọmọ ń sùn. Ẹ wò ó, púpọ̀ nínú wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn rárá. Ìbọ̀wọ́ ta ni wọn ì bá wọ̀?

Ẹ̀yin olóko kajú, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ olóko òwú nìkan ni. Ní Kasaragod, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní Íńdíà, hẹlikópítà ni wọ́n fi ń fọ́n endosulfan yìí kan náà sórí oko kajú fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò fọ́n nǹkan kan. Orí wọn ni wọ́n fọ́n ọn lé. Bẹ̀nẹ̀ fi endosulfan sílẹ̀ ní 2008. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Íńdíà dá a dúró, ọdún náà ni Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà olóró, sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Gbígbé e kúrò nílẹ̀ ló mú ikú rẹ̀ kúrò. Kò sí ìbọ̀wọ́ tó ṣe ìyẹn.



3. Bí ètò ṣe ń tò

Ohun àkọ́kọ́ tí a ó bi ara wa ni pé: ṣé dandan ni ká lo nǹkan yìí? Bí kì í bá ṣe dandan, ká fi í sílẹ̀. Èkejì: ṣé èyí tí oró rẹ̀ kéré wà? Ẹ̀kẹta: ká yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ènìyàn, kó ní ilé tirẹ̀, kó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀kẹrin: òfin, àmì, ẹ̀kọ́. Ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú ló kẹ́yìn. Wọ́n ṣe dandan o, ẹ má sọ pé mo ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni àyè wọn.

Ìgò oògùn kò gbọdọ̀ yí orúkọ padà. Ẹ má da oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ẹ má sì fi bídọ̀n oògùn pọnmi. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, mo rí àwọn bídọ̀n tí wọ́n ń tà lọ́jà, mo sì mọ ibi tí wọ́n ti wá. Bí oògùn bá tán, ẹ fi omi ṣan inú bídọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ da omi náà sínú ẹ̀rọ láti fọ́n ọn sóko, kí ẹ wá lu ihò sídìí bídọ̀n kó má ṣeé lò mọ́. Bí ẹnìkan bá gbé oògùn mì, ẹ má fún un ní epo pupa tàbí wàrà: oògùn bí endosulfan ń bá ọ̀rá wọnú ara kíákíá. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì mú ìgò náà dání.

4. Yàrá sáyẹ́ǹsì ilé-ìwé

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, olùkọ́ wa kan kì í ṣí ìgò kankan àfi bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá kánjú, ìta ló ń lọ. A bú u lẹ́yìn dáadáa. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́.

Áṣíìdì ni a ń da sínú omi, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi sínú áṣíìdì: omi á hó lójijì lórí rẹ̀, á sì ta sójú ẹni tó wà nídìí rẹ̀. Bó bá ta sójú, omi mímọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí ẹ tó wá mọ́tò. Ẹ má pò Javel mọ́ oògùn ilé ìgbẹ́ tó ní áṣíìdì. Gáàsì chlorine tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi pa ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní Ypres ní 1915. Ọ̀pá gíláàsì tí ẹ fẹ́ tì bọ kọ́ọ̀kì, ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́, ẹ fi aṣọ di í mú, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi agbára tì í. Gíláàsì tó bá ti sán, ẹ má gbé e sórí iná. Bí ìwọ̀n ìgbóná oníméékúrì bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ kó ọmọ jáde, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a.

Ẹ̀yin olùkọ́ kan sì wà tí ẹ ń ti ohun èlò mọ́ àpótí kó má baà fọ́. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan gíláàsì rí ni yóò fọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ mú un.

5. Kajú àti kpayo

Wọ́n ti fi ọwọ́ hàn mí pé àkókò ń lọ. Láti oṣù kẹrin 2024 ni ìjọba ti ní kí kóró kajú tí a kò tíì pa má jáde ní Bẹ̀nẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ pípa kajú yóò pọ̀ sí i, epo èèpo rẹ̀ yóò sì máa bó ọwọ́ àwọn obìnrin. Níhìn-ín, ìbọ̀wọ́ wúlò. Ní ti kpayo nínú ìgò gíláàsì ńlá lẹ́bàá títì: ẹ rántí Sèmè-Kraké, oṣù kẹsàn-án 2023, ibi tí iná ilé epo ti pa ohun tó lé ní 30 ènìyàn.

6. Ìparí

Kábíyèsí, ohun kan ni mo tọrọ. Kí òjò tó dé, kí ìlú kọ́ yàrá oníbíríkì kan, tó jìnnà sí kànga àti sí ilé-ìwé, kí gbogbo oògùn òwú Pira máa sùn síbẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì, kí ìwé wà níbẹ̀ tí a ń kọ ẹni tó mú un àti ẹni tó dá a padà. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ó tẹ ìka. Ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ẹ ó fi kọ́ ọ.