James Bond: Ìyàtọ̀ Láàárín Pípààrọ̀ Òṣèré àti Títún Ìtàn Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ òṣèré nínú ọ̀wọ́ fíìmù, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n tún ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Méjèèjì ló ti ṣẹlẹ̀ sí James Bond, amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ian Fleming kọ ìwé nípa rẹ̀.

Láti 1962, nígbà tí Sean Connery ṣe Dr. No, títí di 2002, òṣèré márùn-ún ló kó ipa Bond, ṣùgbọ́n Bond kan náà ni gbogbo wọn. Ní 1969, George Lazenby ni Bond tó gbé Tracy níyàwó, tí àwọn ọ̀tá sì yìnbọn pa ìyàwó náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an. Nígbà tí For Your Eyes Only jáde ní 1981, Roger Moore ló gbé òdòdó lọ sí ojú oórì Tracy. Ojú ti yàtọ̀, ọ̀fọ̀ náà ṣì wà lọ́rùn Bond.

Casino Royale ti 2006 ló já okùn yìí. Die Another Day tó ṣáájú rẹ̀ pawó gan-an, àmọ́ àsọdùn ti wọ̀ ọ́: ọkọ̀ tí ojú kì í rí, ààfin tí wọ́n fi yìnyín kọ́. Ọdún 2002 yẹn náà ni The Bourne Identity gbé amí tó ń fi ọwọ́ lásán jà síwájú òǹwòran. Barbara Broccoli àti Michael G. Wilson, tí fíìmù Bond wà níkàáwọ́ wọn, wá padà sídìí Casino Royale, ìwé Bond àkọ́kọ́ tí Fleming kọ, èyí tó jáde ní 1953. Wọ́n mú Daniel Craig, inú sì bí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Bond pé irun rẹ̀ kò dúdú.

Fíìmù náà fúnra rẹ̀ ló dá wọn lóhùn. Ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Madagásíkà, Bond ń lé ọ̀daràn kan tí Sébastien Foucan ṣe. Ọ̀daràn náà fò, ó gba ihò kékeré tó wà lókè ògiri kọjá wẹ́rẹ́. Bond kò wá ihò kankan. Ògiri náà ló fi ara là já, tí eruku bò ó. Agbára rẹ̀ pọ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì pé, nítorí amí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti pànìyàn ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn ṣàlàyé Bond tuntun ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ.

Martin Campbell, tó darí fíìmù náà, ti kọ́kọ́ darí GoldenEye ní 1995, nígbà tí Pierce Brosnan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Bond. Ó mọ ohun tó yẹ kó dá sí. Judi Dench ṣì ni ọ̀gá Bond. Q, tó máa ń pèsè ohun èlò fún Bond, àti Moneypenny, akọ̀wé ọ̀gá rẹ̀, kò yọjú rárá. Ọ̀nà tí Bond ń gbà dárúkọ ara rẹ̀, tí tọmọdé tàgbà mọ̀, kò wáyé àfi nígbà tí fíìmù ń parí lọ. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ náà nìyí: wọn kò sọ àṣà Bond nù, wọ́n mú kí òǹwòran dúró dè é.

Fíìmù márùn-ún ni Craig ṣe. Bond rẹ̀ kú nínú No Time to Die ní 2021, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ọ̀wọ́ yìí. Ní 2025, Amazon MGM gba àṣẹ lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe fíìmù Bond, wọ́n sì yan Denis Villeneuve láti darí èyí tó kàn. Ẹni tí yóò bá ṣe Bond lẹ́yìn Craig kò lè kàn gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ bí Moore ti gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú. Dandan ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn mìíràn fún un.